Ọ̀pá Tí Kò Ní Nọ́ńbà

Fèrèsé mẹ́sàn-án ló wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, kò sì sí méjì nínú wọn tó ga bákan náà. Ọkùnrin tó ń ta fèrèsé alumíníọ̀mù, tó kọ́kọ́ wá wò ó, kò ka èyí sí. Ó na tépù sí ẹyọ kan, ó kọ iye rẹ̀ sínú fóònù, ó sọ ọ́ di ọ̀nà mẹ́sàn-án, ó sì ti dá owó lé e kó tó sọ̀ kalẹ̀. Káfíńtà tó wá lẹ́yìn rẹ̀ kò mú tépù jáde rárá. Ọ̀pá pẹlẹbẹ kan ló mú dání, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ga ju èèyàn lọ díẹ̀, tí kò sí nọ́ńbà kankan lára rẹ̀. Ó gbé e dúró sínú fèrèsé àkọ́kọ́, ó fi pẹ́ńsù fa ìlà síbi tí ìsàlẹ̀ férémù dé, ó fa òmíràn síbi tí igi àárín wà, ó fa òmíràn síbi tí orí rẹ̀ parí sí. Lẹ́yìn náà ló gbé ọ̀pá náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì fèrèsé kan náà, ó tún fa ìlà tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí apá ọ̀tún fi ìbú ìka kan ga ju apá òsì lọ.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò lo tépù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá fi tépù wọ̀n ọ́n, nọ́ńbà ni mo máa gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù, nọ́ńbà sì lè yí mọ́ mi lọ́wọ́. Tí mo bá fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n, fèrèsé fúnra rẹ̀ ni mo gbé lọ."

Ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ní fèrèsé tirẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ gé wọn létí kí wọ́n má bàa dàrú: ojú ọ̀bẹ kan fún fèrèsé kìíní, méjì fún èkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ dé mẹ́sàn-án.

Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní àwọn ń tún ilé àtijọ́ ṣe l'Ékòó. Púpọ̀ nínú wọn, ibòmíràn ni wọ́n ti ń gbé ìwọ̀n wá: láti Dubai, láti inú fóònù, láti ara ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ tán ní Lẹ́kí. Wọ́n á wá máa gé ilé kí ó lè bá ìwọ̀n wọn mu. Àwọn tó mọṣẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ilé ni wọ́n ti ń gba ìwọ̀n. Bí ilé bá wọ́, ìwọ̀n tiwọn náà á wọ́ tẹ̀lé e. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo lọ wò ní Pópó Àgùdà, ní òkè ilé ẹbí kan tó dojú kọ òpópónà tóóró.

Ìtàn Pópó Àgùdà kì í ṣe tuntun létí ọmọ Èkó. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì, àti àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, àwọn tí à ń pè ní Àgùdà, ń padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Bahia lọ́dún 1835. Wọ́n mú orúkọ bíi da Silva, Pereira, Cardoso àti da Rocha bọ̀, wọ́n mú oúnjẹ fìrèjọ́ọ̀nù bọ̀, wọ́n sì mú iṣẹ́ ọwọ́ bọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ló kàn mí níbí. João Baptista da Costa, pẹ̀lú Sanusi Aka, ló kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí lọ́dún 1894. Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ ilé ìjọsìn Holy Cross àtijọ́ ti àwọn Kátólíìkì. Balthazar dos Reis, tó jẹ́ ọ̀gá káfíńtà, kan tábìlì kan tó fi oríṣiríṣi igi ṣọnà sí lójú. Wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá kan ní London lọ́dún 1886, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ onídẹ. Tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ilé òyìnbó, ó máa ń ṣe mí bíi kí n bi í pé òyìnbó wo?

Bí wọ́n ṣe la ilé náà kò ṣòro láti mọ̀. Ọ̀nà gbọọrọ kan là á já láti iwájú dé ẹ̀yìn, yàrá wà lọ́tùn-ún, yàrá wà lósì. Ní agbo ilé tiwa àtijọ́, àgbàlá ló máa ń wà láàrin, òjò á sì máa rọ̀ sí i. Àwọn Àgùdà fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn rọ́pò rẹ̀. Lójú tèmi, àwọn ilé tí a ń gbé yàrá kọjú síra ní Mushin àti Ṣómólú, ọmọ-ọmọ ilé Àgùdà ni wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò jogún ẹwà rẹ̀.

Màmá tó ni òkè ilé náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ìpàdé ẹbí ló pín in fún wọn, lẹ́yìn àríyànjiyàn tí n kò ní ròyìn níbí. Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe kedere: wọ́n fẹ́ sùn níbẹ̀, kí wọ́n máa dáná níbẹ̀, kí omi máa yọ lẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹnì kan mẹ́nu ba Jaekel House ní Ẹ̀bùté Mẹ́tta fún wọn, ilé àwọn rélùwéè tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1898, tí ẹgbẹ́ Legacy 1995 tún ṣe títí ó fi di mùsíọ́ọ̀mù. Màmá ní, "Mo ti débẹ̀. Ó dára gan-an ni. Ṣùgbọ́n ibo ni wọ́n ti ń yí àmàlà níbẹ̀?"

Ibi tí iṣẹ́ náà ti le nìyẹn. Ó rọrùn láti tọ́jú ilé tí ẹnikẹ́ni kò ní gbé inú rẹ̀, ó sì rọrùn láti ba ilé jẹ́ nítorí àwọn tó fẹ́ gbé e.

Títú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àyè há l'Ékòó, wọ́n ti fi pákó pẹlẹbẹ pín pálọ̀ sí mẹ́ta fún ayálégbé, wọ́n sì ti kan àjà tuntun sísàlẹ̀ àjà àtijọ́. Bíríkìlà tó jẹ́ ọ̀gá lórí iṣẹ́ náà, Mùsùlùmí kan láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tí gbogbo wọn ń pè ní Àáfà, kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi òòlù wó nǹkan kan. Ìṣó ni wọ́n ń yọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé wọ́n ń fi àkókò ṣòfò títí pákó kan fi ṣí tí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ hàn síta: orí ilẹ̀kùn àárín, tí wọ́n gbẹ́ ní ìdajì òbìrí, tí wọ́n fi gíláàsì aláwọ̀ sí, pupa àti aró, pẹ̀lú férémù igi tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí òòlù ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ìbá ti fọ́ ọ. Gíláàsì méjì péré ló ti sọnù nínú rẹ̀.

Lórí gíláàsì méjì yẹn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe àríyànjiyàn. Káfíńtà ní òun mọ ibi tí òun ti lè rí gíláàsì pupa tó jọ ọ́ ní Ìdúmọ̀tà. Àáfà ní pupa tó jọ ọ́ kì í ṣe pupa rẹ̀. Tí oòrùn bá là á kọjá, méjì náà á dá yàtọ̀, ojú á sì máa wo àléébù dípò ọnà. Gíláàsì funfun lásán ni wọ́n fi sí i níkẹyìn. Mo gbà pẹ̀lú Àáfà. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà kò ní rí àtúnṣe náà. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn á mọ ohun tó jẹ́ tàtijọ́ àti ohun tó jẹ́ tòní, kò sì sẹ́ni tó tàn án jẹ.

Ọ̀dà ara ògiri náà kò ṣeé kánjú lé. Kí wọ́n tó ha ohunkóhun, Àáfà yan igun kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ibi tí ojú kì í dé, wọ́n rin ín pẹ̀lú omi, wọ́n sì fi abẹ ha á ní ìpele ìpele, tí ìpele kọ̀ọ̀kan kò ju ìbú èékánná lọ. Ọ̀dà funfun òde òní ló wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọ̀dà elépo aláwọ̀ ewé, irú èyí tí gbogbo ilé ìwé àti ọsibítù ń kùn nígbà kan. Lábẹ́ ìyẹn ni aró fẹ́ẹ́rẹ́. Nísàlẹ̀ pátápátá, lára ìrẹ́ ògiri gan-an, ni omi ẹfun tí wọ́n pò mọ́ ilẹ̀ pupa, tó fún un ní àwọ̀ ìyeyè tó rẹ̀ dẹ̀dẹ̀. Àáfà pe Màmá wá wò ó. Màmá ní aláwọ̀ ewé yẹn ni àwọn bá láyé nígbà èwe àwọn, àwọn rò pé bí ilé náà ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Kí n tètè sọ ohun kan tó ṣe pàtàkì fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà elépo àtijọ́, eruku rẹ̀ sì léwu, fún ọmọdé jù lọ. Ìdí nìyẹn tí Àáfà kò fi gbà kí wọ́n fi ẹ̀rọ tàbí sáńpépà gbígbẹ ha á. Omi ni wọ́n fi ń rin ín, wọ́n ń fi aṣọ bo imú, wọ́n sì ń fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ dípò kí wọ́n gbá a.

Ara ògiri gan-an ni mo ti mọ irú ẹni tí Àáfà jẹ́. Ògiri amọ̀ ni, ó nípọn, ẹfun ni wọ́n sì fi rẹ́ ẹ látijọ́. Ní àwọn ọdún tí owó epo wọlú, tí sìmẹ́ńtì di ohun àmúyangàn, ẹnì kan nínú ẹbí náà fi sìmẹ́ńtì rẹ́ odindi ògiri iwájú láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Àánú ilé ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ògiri amọ̀ a máa mu omi láti ilẹ̀ àti láti inú òjò, a sì máa tú u jáde padà sínú afẹ́fẹ́. Tí sìmẹ́ńtì bá ti bò ó, omi náà kò rọ́nà jáde mọ́, ó dà bí ẹni tó wọ aṣọ òjò sùn lóru ooru. Ní Erékùṣù Èkó, tí iyọ̀ wà nínú ilẹ̀ àti nínú afẹ́fẹ́, ọ̀rọ̀ náà tún burú sí i. Omi á gbé iyọ̀ gun ògiri, omi á gbẹ, iyọ̀ á kù sẹ́yìn, á dì, á sì máa ti ìrẹ́ náà síta. Funfun yẹrẹyẹrẹ tí ẹ máa ń rí nísàlẹ̀ ògiri, tí àwọn èèyàn ń kun ọ̀dà lé lọ́dọọdún, òun nìyẹn.

Ẹlòmíràn ìbá ní kí wọ́n gé gbogbo sìmẹ́ńtì náà kúrò lọ́jọ́ kan. Àáfà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Eegun ìka ọwọ́ ni wọ́n fi ń kan ògiri, láti igun kan dé èkejì, orí wọn tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń gbọ́. Ibi tó bá dún kọ́kọ́, sìmẹ́ńtì ṣì di amọ̀ mú níbẹ̀. Ibi tó bá dún gbòò, àlàfo ti wọ àárín wọn. Wọ́n fi ẹfun sàmì sí ibi tó ń dún gbòò, ìyẹn nìkan ni wọ́n sì gé kúrò lákọ̀ọ́kọ́, pẹ̀lú ṣísù kékeré tí wọ́n dà dùbúlẹ̀ kó má bàa wọnú amọ̀. Èyí tó ṣì dì mú, wọ́n gé e ní ìlà tóóró tóóró láti fi àyè sílẹ̀ fún ògiri láti mí, wọ́n sì fi í sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ iṣẹ́ wọn ní kí ló dé tí wọn ò fi yọ ọ́ kúrò kí ọ̀rọ̀ tán. Wọ́n fi ìka hàn án ibi kan tó ti fi agídí fà á ya ní àná: amọ̀ tó bá sìmẹ́ńtì wá sílẹ̀ tó ẹ̀kún àtẹ́lẹwọ́ méjì. "Ohun tó o gbà lọ́wọ́ ilé nìyẹn. Kí lo fẹ́ fi san án?"

Ẹfun ni wọ́n fi rẹ́ ẹ padà. Ní etíkun ilẹ̀ wa, àwọn tó ń kọ́lé láyé àtijọ́ a máa sun ìkarahun inú ọ̀sà láti fi ṣe é. Òde òní, inú àpò la ti ń rà á. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ yani lẹ́nu. Wọ́n á sun ìkarahun tàbí òkúta ẹfun nínú iná tó gbóná tó nǹkan bí 900 lórí ìwọ̀n Celsius, iná á lé afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù jáde lára rẹ̀. Tí wọ́n bá bu omi sí ohun tó kù, á hó yaya láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, á sì rọ̀. Tí wọ́n bá ti wá fi rẹ́ ògiri, á bẹ̀rẹ̀ sí í gba afẹ́fẹ́ tó sọnù yẹn padà láti ojú sánmà, díẹ̀díẹ̀, títí á fi tún padà di òkúta. Nítorí náà kò gbọdọ̀ gbẹ kíákíá. Ìrẹ́ kọ̀ọ̀kan kò nípọn ju ìka ọmọdé lọ. Wọ́n á dúró kí ó le, wọ́n á rin ín, wọ́n á tó fi òmíràn lé e. Àpò kòkó tí wọ́n rì sómi ni wọ́n fi kọ́ gbogbo ojú fèrèsé kí oòrùn má bàa wọlé gbẹ ẹ́. Ní ọjọ́ tí ọyẹ́ dé láìròtẹ́lẹ̀, Àáfà dá iṣẹ́ dúró, wọ́n sì jókòó ti ògiri náà pẹ̀lú ìgò omi tí wọ́n fi ń fín in.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká wá sí ọnà etí àjà.

Níbi tí ògiri pálọ̀ ti pàdé àjà, ọnà kan wà tó yí gbogbo yàrá ká: etí kan tó yọ síta, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan nísàlẹ̀ rẹ̀, ìkùn kan tó yó, lẹ́yìn náà etí kékeré mìíràn. Òrùlé tó ń jò ti jẹ apá kan rẹ̀ lójú ògiri ìlà-oòrùn, ó gùn tó apá méjì. Gbogbo Èkó ló kún fún àwọn tó ń ṣe píópì. Ẹ lè ra ọnà etí àjà lọ́jà bí ẹ ṣe ń ra pákó, kí wọ́n wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ohun tí ọmọ iṣẹ́ náà sọ gan-an nìyẹn. Àáfà kò dá a lóhùn. Wọ́n fún un ní aṣọ tútù àti ọparun tí wọ́n là tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ní kó máa fọ èyí tó kù.

Ìgbà tó fọ̀ ọ́ tán ni ọ̀rọ̀ yé mi. Ọ̀dà tí wọ́n ti kùn lé e fún ọ̀pọ̀ ọdún ti di gbogbo ihò rẹ̀, ó ti sọ ọ́ di ohun tó kújú. Nígbà tí ọ̀dà kúrò, igun rẹ̀ mú, òjìji sì wọnú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn lọ ní ìlà dúdú kan ṣoṣo tó yí yàrá ká. Kò sí irú rẹ̀ lọ́jà.

Àáfà gbé páálí lé ibi tí ọnà náà ti ṣẹ́, níbi tí inú rẹ̀ ti hàn, wọ́n fi pẹ́ńsù tẹ̀lé etí rẹ̀. Wọ́n gbé àwòrán náà lé páànù, wọ́n gé e, wọ́n fi fáìlì yọ́ etí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé páànù yẹn káàkiri yàrá, tí wọ́n ń fi sí ara ọnà àtijọ́ níbi oríṣiríṣi. Níbì kan ó wọlé wẹ́kú. Níbòmíràn ìmọ́lẹ̀ yọ láàrin wọn, nítorí ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é náà kò dọ́gba. Wọ́n padà gé páànù náà kí ó bá ibi tó sún mọ́ àlàfo náà jù lọ mu. Wọ́n kàn án mọ́ pákó tó ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè máa rìn lórí igi kan tí wọ́n kàn mọ́ ògiri nísàlẹ̀.

Igi tí wọ́n kàn mọ́ ògiri yìí ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Bíríkìlà tó bá gbára lé okùn ìwọ̀n á fẹ́ kí ó gún régé. Ṣùgbọ́n ògiri náà kò gún. Ó ti rọra tẹ̀ sínú láti ọjọ́ pípẹ́, ọnà àtijọ́ sì tẹ̀ tẹ̀lé e. Tí wọ́n bá ṣe èyí tuntun ní gígún, méjèèjì á pàdé lápá kan, wọ́n á sì ya ara wọn lápá kejì. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó lè tẹ̀ ni Àáfà lò, wọ́n fi ìṣó tò ó mọ́ ògiri, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ wọlé díẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì ń padà sẹ́yìn lọ wò ó láti ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ojú kan ní pípadé. Ẹni tó ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì nínú àpò irinṣẹ́ rẹ̀ ló fi ojú ṣe é.

Ẹfun àti yanrìn ni wọ́n fi ọwọ́ jù mọ́ àlàfo náà lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n sì fi pákó onípáànù fà á kọjá. Ó rí wúruwùru. Wọ́n jù ú, wọ́n fà á, títí ara rẹ̀ fi ń sún mọ́ ohun tí a mọ̀. Fún ìrẹ́ ìkẹyìn, wọ́n po ẹfun rírọ̀ mọ́ ẹ̀kúnwọ́ píópì díẹ̀ kí ó lè tètè dì. Ibẹ̀ ni eré ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n pò náà kì í dúró de ẹnikẹ́ni ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ọmọ iṣẹ́ ń bù ú, Àáfà ń jù ú, wọ́n ń fà á. Fífà náà, apá kan ṣoṣo ló ń lọ. Kò gbọdọ̀ dúró lójú ọ̀nà, nítorí ibi tó bá ti dúró ni ìlà á ti wà. Èjìká kò gbé sókè, ọwọ́ kò yára kò sì falẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ń rìn lórí pákó tí wọ́n gùn ní ìgbésẹ̀ kan náà. Nígbà tí wọ́n fà á ẹ̀ẹ̀kẹta, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn jáde lójijì, ìlà dúdú náà sì so pọ̀ láti apá kan dé èkejì.

Igun yàrá ló kù. Páànù kò lè dé igun. Ẹsẹ̀ pákó rẹ̀ á ti kan ògiri kejì kó tó débẹ̀. Ìlà mẹ́rin tó ń bọ̀ láti ọ̀tún àti mẹ́rin tó ń bọ̀ láti òsì gbọ́dọ̀ pàdé lójú ibì kan, ọwọ́ lásán ni wọ́n sì fi ń ṣe é, pẹ̀lú irin kékeré kan tí kò ju ṣíbí ìmutíì lọ. Ibí yìí ni wọ́n ti ń mọ ọ̀gá. Àáfà lo ọ̀sán gbogbo lórí igun kan ṣoṣo, wọn ò sì sọ̀rọ̀ tó gbólóhùn mẹ́ta. N kò lè sọ fún yín bí wọ́n ṣe mọ ìgbà tó tó. Mo kàn rí i pé wọ́n gbé irin náà kúrò, wọ́n wò ó, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣe àlùwàlá.

Káfíńtà kò kéré sí Àáfà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Fèrèsé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, pákó wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tò sínú férémù ìrókò, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dà síta kí òjò má bàa wọlé, kí afẹ́fẹ́ sì máa wọlé bí èèyàn bá tilẹ̀ tì í. Gíláàsì alumíníọ̀mù kò lè ṣe èyí: tí ẹ bá tì í, ooru, tí ẹ bá ṣí i, òjò. Tí a bá fi kún un pé àjà ga, tí wọ́n sì dá ihò ọnà sí pákó orí ilẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè gba ibẹ̀ jáde, ẹ óò rí i pé àwọn tó kọ́ ilé yìí ti ro ọ̀rọ̀ NEPA kí NEPA tó dáyé.

Ohun tó bàjẹ́ lára àwọn fèrèsé náà kò pọ̀. Ìsàlẹ̀ ni omi máa ń dúró sí, ìsàlẹ̀ ló sì jẹrà. Káfíńtà fi irin ṣóńṣó gún igi náà láti mọ ibi tí ó ti rọ̀ dé, ó gé e níbẹ̀, ó sì gé e ní dídà kí omi tó bá dé ojú ìsopọ̀ lè ṣàn sílẹ̀ dípò kí ó wọnú rẹ̀. Igi tó fi rọ́pò rẹ̀ jẹ́ ìrókò àtijọ́, tó rà lọ́wọ́ àwọn tó ń tú ilé wíwó. Ìrókò tí wọ́n ń là báyìí, ó ní ọmọdé ni. Kò ì tí ì gbẹ, á yí. Ó ń wo bí ìlà igi ṣe ń lọ nínú ti àtijọ́ kó tó yan apá tí yóò gé. Igi ló fi dè é, kò fi ìṣó.

Ó dun èèyàn láti ronú nípa ibi tí irú igi bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Ilojo Bar ní Tinubu, tí ẹbí Fernandez kọ́ lọ́dún 1855, wà lára àwọn ilé tí ìjọba kéde pé wọ́n jẹ́ ohun ìní orílẹ̀-èdè lọ́dún 1956. Ìkéde yẹn kò dí katapílà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wó o ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Òfin ò gba ilé là. Ní Pópó Àgùdà tí mo lọ yìí, ohun tó gba tiwọn là ni pé ẹni tó ni ín fẹ́ gbé e, ó sì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Ọ̀rọ̀ páìpù àti wáyà kò gba àsọjù. Ara ògiri ẹ̀yìn, lóde, ni wọ́n gbé páìpù gbà. Kò sí ibi tí wọ́n ti gé ògiri amọ̀. Yàrá Màmá nìkan ló ní ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n sì gba ojú pákó kan lókè fèrèsé ẹ̀yìn gbé páìpù rẹ̀ jáde, pákó tí wọ́n lè pààrọ̀ lọ́jọ́ kan. Ilẹ̀ ilé ìdáná ni n kò fẹ́ràn. Màmá fẹ́ táìlì. Káfíńtà ní igi abẹ́ ilẹ̀ kò lè gbé e. Wọ́n bá tẹ́ rọ́bà aláwòrán òkúta sílẹ̀. Ó burẹ́wà. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá dé lẹ́yìn wa lè ká a kúrò kí ó bá pákó àtijọ́ nísàlẹ̀ láìsí ojú ìṣó kan lára rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi pa ẹnu mi mọ́.

Ọmọ iṣẹ́ tó ní kí wọ́n lọ ra píópì, òun ni Àáfà fún ní yàrá ẹ̀yìn. Ọnà etí àjà ibẹ̀ kò tó ti pálọ̀, etí kan àti ihò kan péré, àlàfo rẹ̀ kò sì gùn. Ó fà á, ó bàjẹ́, ó ha á kúrò, ó tún un fà. Àáfà ń bọ̀, wọ́n ń wò, wọ́n ń lọ. Àtọwọ́dọ́wọ́ báyìí ni iṣẹ́ àwọn Àgùdà ṣe kúrò l'Ékòó dé Ìjẹ̀bú-Òde, Iléṣà àti Ìbàdàn, tí àwọn olówó kòkó fi ń fi òpó olódòdó yangàn. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe gbilẹ̀ ní Àjàṣẹ́, tí Mọ́ṣáláṣí Ńlá wọn fi jọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Bahia. Ẹni tó kọ́ Àáfà níṣẹ́, Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n kọ́ níbẹ̀.

Àbúrò Màmá tó ń gbé ìsàlẹ̀, tó sọ ní ìpàdé ẹbí pé kí wọ́n wó ilé náà kí wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù, gòkè wá ní ọjọ́ tí wọ́n ń kó pákó àtẹ̀gùn iṣẹ́ sílẹ̀. Ó yí pálọ̀ ká, ó gbójú sókè, ó fọwọ́ pa fèrèsé. Ó ní, "Àáfà, èló lẹ máa gbà tí ẹ bá máa ṣe yàrá ìsàlẹ̀ méjèèjì?"

Àáfà ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè dá iye kan lé e. Owó ojúmọ́ ni mo ń gbà. Mi ò tí ì mọ ohun tí ògiri yín gbé pamọ́."

"Ẹ kàn fojú bù ú fún mi."

"Òkè níbí, mo fojú bu pálọ̀, mo ní ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá wa nìyí, ẹ bi wọ́n léèrè."

Màmá ní, "Ó lé lóṣù kan."

Ọkùnrin náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí Àáfà wá bá òun kan ògiri náà ní Sátidé, ṣùgbọ́n kí wọ́n má tí ì gbé irinṣẹ́ kankan dání.